Fẹ̀mẹ́ntínò, Igi Ọtí Ugbónlá

Ní ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé ìpínlẹ̀ Oǹdó jáde lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí iná àwọn elépo rọ̀bì ń jó lójú òkun tọ̀sán-tòru, kò sí ẹni tó mọ ọtí ju Olówòkéré lọ ní Ugbónlá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń gba èyí tí wọ́n ń mu.

Ògùrọ̀ ló ń dá. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, yóò wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú àbàtà, yóò gun igi ògùrọ̀, yóò fi ọ̀bẹ fá ojú ibi tó ti gé tẹ́lẹ̀ kí ọtí lè máa ro, yóò tú agbè tó ti kún sílẹ̀, yóò sì so òmíràn mọ́ ọn. Kí àwọn obìnrin tó kó ẹja sórí àtẹ, ògùrọ̀ ti dé èbúté, ó funfun, ó ń hó lẹ́nu agbè. Láàárọ̀, ó dùn bí ẹni lá oyin. Lọ́sàn-án, ó ti ń já ènìyàn lẹ́nu. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ti kan, Olówòkéré á da ìyókù sómi, á ní kí àwọn ẹja náà ṣe fàájì tiwọn. Bí ayé rẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Ohun tí òní bá mú wá, òní náà ni wọn ó fi mu ún tán.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ Ọlọ́rundáre sì wà ní Wàrì níbi iṣẹ́ epo. Òun nìkan ló kù nínú ilé pákó tó dúró lórí òpó nínú omi, níbi tí òkun ti gbà pátápátá báyìí. Bó bá jókòó sí pẹpẹ iwájú ilé rẹ̀, èéfín ilé Moríkẹ́ ló máa ń rí ní òdìkejì odò.

Moríkẹ́, ìyá Adétutù, ẹja ló ń yan. Opó ni òun náà. Adétutù tó bí ń ṣe tíṣà ní Igbókòdá. Obìnrin pupa ni, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rín rẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu bí ti àwọn ẹlòmíràn. Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń mì, ẹ̀rín á wá wá ọ̀nà jáde. Nítorí èjìká méjèèjì yìí ni Olówòkéré ṣe ń wa ọkọ̀ kọjá odò láràárọ̀, tí yóò gbé agbè kékeré kan lé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Moríkẹ́ á gbà á, á mu ún, á dá agbè padà ní òfìfo. Kì í sọ pé ó dùn, kì í sọ pé kò dùn.

Kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná, ó yẹ kí a mọ Lawrence.

Òyìnbó ni Lawrence, ará Ítálì, wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀ fún àwọn elépo lójú òkun. Lorẹ́ńsò ni ìyá rẹ̀ pè é. Ugbónlá ní ó gùn jù, wọ́n gé e sí bí ẹnu wọn ṣe fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kú, tí ìgbì ta á wá sí èbúté. Bí wọ́n ṣe ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni Olówòkéré bu ògùrọ̀ fún un. Ó mu ife kan, ó dákẹ́. Ó mu ìkejì, ó kọrin. Nígbà tí yóò fi mu ìkẹta tán, ó ti dì mọ́ Jọọlá apẹja, ọ̀rẹ́ Olówòkéré, ó ń pè é ní bàbá òun. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti fún Lawrence ní ìsinmi, Ugbónlá ló ń bọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì amúlùmálà ni Lawrence ń sọ. Jọọlá tó ti bá àwọn tó ń kó yanrìn odò ṣiṣẹ́ rí náà ní tirẹ̀, àwọn méjèèjì a sì máa da tiwọn pọ̀ títí ìtumọ̀ á fi jáde. Báyìí ni wọ́n ṣe gbọ́ pé bàbá Lawrence ní igi ọtí kan lórí òkè tó kọjú sí òkun. Fẹ̀mẹ́ntínò ni igi náà ń jẹ́. Bàbá bàbá rẹ̀ bá a níbẹ̀, ẹni tó bí bàbá bàbá náà sì bá a níbẹ̀. Ọtí rẹ̀ funfun, kì í ṣe pupa bí èyí tí wọ́n ń mu ní ṣọ́ọ̀ṣì. Atẹ́gùn oníyọ̀ ló ń fẹ́ lù ú láti àárọ̀ dalẹ́, tí ènìyàn bá sì gbé ọtí náà mì, òkun ló máa kù sí i ní ìdí ahọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí mú Olówòkéré lọ́kàn ju bó ti yẹ lọ. Òun tí a bí sórí omi, tí ó ń dá ọtí látìgbà tó ti lè di igi mú, kò gbọ́ ọ rí pé ọtí lè ní òkun nínú.

Nígbà tí Lawrence lọ sílé tó sì padà, ohun tó gbé bọ̀ ni ọ̀pá gbígbẹ kan tó fi aṣọ tútù wé bí ọmọ tuntun.

Jọọlá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún, ó yẹ̀ ẹ́ wò lósì. "Olówòkéré, ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí ìlú òyìnbó, igi ìdáná ló rà bọ̀ fún ọ."

"Dákẹ́. Fẹ̀mẹ́ntínò ni."

"Ó dára. A ó fi Fẹ̀mẹ́ntínò dá iná."

Ilẹ̀ Ugbónlá kò ṣeé gbìn nǹkan sí, omi ni ìdajì rẹ̀, iyọ̀ ni ìyókù. Olówòkéré wa ọkọ̀ lọ sí ìhà Igbókòdá, ó bu erùpẹ̀ dúdú kún un bọ̀, ó rọ ọ́ sínú dúróòmù tí àwọn elépo jù nù, ó sì gbé e ka orí pẹpẹ iwájú ilé rẹ̀. Ọ̀pá náà mú. Ó yọ ewé tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka wínníwínní di òpó mú, ó gun ilé, nígbà tí ọdún yóò fi yí po, ó ti bo gbogbo iwájú òrùlé. Ewé ni, ewé náà ni. Kò sí nǹkan mìíràn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Lawrence lọ sí òkun orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó na ìka sí igi náà, ó na ìka sí ẹnu ara rẹ̀, ó na ìka sí ẹnu Olówòkéré. Òun ń bọ̀, àwọn jọ máa mu ún. Kò sọ bí ọtí náà ṣe ń jáde o. Ní ìlú tirẹ̀, ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Olówòkéré náà kò bi í. Ní Ugbónlá, ọmọ ọwọ́ mọ bí ọtí ṣe ń jáde lára igi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lójú gbogbo èrò èbúté, ara Olówòkéré kò gbà á mọ́.

"Ìyá Adétutù, títí di ìgbà wo ni n óò máa gbé ọtí la odò yìí kọjá wá bá yín?"

Moríkẹ́ ń to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ní kí ẹ máa gbé e wá?"

"Ẹ kò sì ní kí n má gbé e wá."

"Ọtí yín dùn, Bàbá Ọlọ́rundáre. Kí ni kí n kọ̀ ọ́ fún?"

"Èmi tí mò ń gbé e wá ńkọ́?"

Àwọn tó ń ṣa ẹja dáwọ́ dúró. Fẹ̀hìntọlá tó ń wa ọkọ̀ èrò lọ sí Igbókòdá ti fẹ́ ta ẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀, ó jọ̀wọ́ okùn rẹ̀.

Moríkẹ́ nu ọwọ́ sí ìró. "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí gbogbo ayé gbọ́. Mo ti sin ọkọ kan. Tí n óò bá tún fẹ́ òmíràn, mi ò fẹ́ èyí tí yóò dùn láàárọ̀ tí yóò kan ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ yín, òní òní ni. Igi òyìnbó tó bo òrùlé yín yẹn, ẹ ti fi pariwo sí wa létí. Ọjọ́ tí ẹ bá fún mi ní ọtí rẹ̀ mu, ọtí gidi o, ọjọ́ náà ni n óò dá yín lóhùn."

"Kí lẹ ó dá mi lóhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ni n óò wí."

Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lé orí, ó lọ. Jọọlá di èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. "Gbogbo èbúté ló gbọ́. Àkàn inú ihò gbọ́. Olówòkéré, lọ pọ́n ọ̀bẹ rẹ."

Ó pọ́n ọ̀bẹ náà títí ó fi lè fá irun ọwọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ọkọ̀ ti yí ilé rẹ̀ ká bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ wo eré ìwakọ̀, pẹpẹ ń dún wọ̀ìn-wọ̀ìn lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò. Olówòkéré fi ọ̀bẹ kan ìdí igi náà gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe fún igi ògùrọ̀. Ibẹ̀ kò mú nǹkan jáde. Ó gbé ojú sókè, ó di ẹ̀ka kan mú, ó gé orí rẹ̀.

Wọ́n dúró. Lójú egbò tó gé náà, nǹkan kan tàn. Ó wú, ó di kókó, ó já bọ́.

"Ó ń ro," ni Olówòkéré wí.

"Ó ń ro o," ni Jọọlá fi ké sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀.

Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́. Ó gé ẹ̀ka yìí, ó gé ẹ̀ka yẹn, ewé ń já bọ́ sómi, àwọn ènìyàn sì ń na ìgò sí i láti inú ọkọ̀: ìgò bíà, ìgò oògùn ikọ́, ìgò kẹrosíìnì kan tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀. Ó so ìgò mọ́ ẹnu gbogbo ẹ̀ka tó gé. Nígbà tó parí, igi náà kò ní ewé kan lára mọ́, ìgò ló rọ̀ yí i ká bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ìyàwó.

Títí di ọ̀sán, gbogbo ohun tó wà nínú ìgò pọ̀ tó ife kan ààbọ̀. Olówòkéré dà á pọ̀, ó gbé e sójú oòrùn. Kò funfun bí ògùrọ̀. Ó mọ́ gaara, ènìyàn lè rí ìka rẹ̀ láti òdìkejì ife. Ní etí omi yẹn, ọtí kan ṣoṣo ló mọ́ bẹ́ẹ̀: ògógóró, èyí tó ti gbé alágbára sùn sórí afárá. Gbogbo ènìyàn sún sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ fi sùúrù mu ún," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Òyìnbó ló ni ín."

Jọọlá ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó fi ètè kàn án, ó di ojú, ó di òpó ilé mú. "Ó ń gbóná lọ sílẹ̀," ló wí. "Ó ti dé ikùn. Ó ń yà sí ẹsẹ̀."

Fẹ̀hìntọlá gba ife, ó tọ́ ọ wò, ó sì sọ fún wọn pé orúnkún òun ti di ti ẹlòmíràn. Ìyá àgbà kan fi ìka kàn án lá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìdúró. Ẹni tí kò tíì mu gan-an ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Àwọn kan di ara wọn mú kí wọ́n má bàa ṣubú sómi, àwọn kan ń kọ orin tí Lawrence máa ń kọ láìmọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Olówòkéré náà tọ́ ọ wò. Ẹnu rẹ̀ sọ nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ojú rẹ̀ ń rí èéfín òdìkejì odò bí ẹni pé ó ń jùwọ́ sí i. Ó ní dájú, ọtí ni.

Moríkẹ́ wa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Wọ́n la ọ̀nà fún un. Ó gba ife, kò tọ́ ọ wò, ó dà á sọ́nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì mí kanlẹ̀. Ó dúró. Ó wo ojú ọ̀run. Ó wo Jọọlá tó rọ̀ mọ́ òpó.

"Omi ni," ló wí.

Jọọlá tú ọwọ́ kúrò lára òpó díẹ̀díẹ̀. "Kò lè jẹ́ omi. Orí mi ń yí."

"Orí yín ti ń yí láti ọjọ́ ìkómọ yín. Omi ni. Omi igi."

Fẹ̀hìntọlá wo orúnkún rẹ̀, ó nà án, ó ká a, orúnkún rẹ̀ ni. Èjìká Moríkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín já, pẹpẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ ya lulẹ̀, ìyá àgbà tó lá ìka jókòó sílẹ̀, ó ní kí wọ́n má ṣe pa òun. Moríkẹ́ fi etí ìró nu omijé, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀. Ó ti kọjá àárín odò, wọ́n ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lójú omi.

Olówòkéré rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó rẹ́rìn-ín dé ibi tí ikùn ń dun ni. Nígbà tí èrò tú ká tán ló gbé ojú sókè. Ìhòòhò igi ló rí, ọ̀pá gbígbẹ bíi ti ọjọ́ tí Lawrence gbé e dé. Ó rò ó pé òun ti pa igi bàbá onígi, òun sì ti pa "bẹ́ẹ̀ ni" Moríkẹ́ mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà, Jọọlá kì í kí i lórúkọ mọ́. "Olómi, ṣé o jí ire?" ni. Olówòkéré ń dá ògùrọ̀ rẹ̀, ó sì ń gbé agbè kékeré lọ sí òdìkejì odò bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n á gbé e kalẹ̀ wẹ́rẹ́, á yí ọkọ̀ padà kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Kò pẹ́ rárá tí igi náà fi la ojú. Ibi gbogbo tí ọ̀bẹ ti kàn ni nǹkan pupa rẹ́súrẹ́sú ti yọ, ó di ewé, láàárín ewé sì ni nǹkan mìíràn yọ tí kò yọ rí: òdòdó tíntìntín tó ṣù jọ, tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ṣùgbọ́n tó ń ta òórùn dídùn gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òórùn náà kọ́kọ́ jáde, Moríkẹ́ gbé pupuru ẹ̀gẹ́ àti edé wá. Ó ní pupuru náà ṣẹ́kù ni. Pupuru kì í ṣẹ́kù nílé ẹni tó dá gbé, Olówòkéré sì mọ̀.

Moríkẹ́ gbé imú sókè. "Kí ni èyí?"

"Mi ò mọ̀," ni Olówòkéré wí.

Moríkẹ́ yíjú padà wò ó. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, kò gbọ́ ọ rí kí ọkùnrin yìí sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ọtí. Ó fa àpótí kan sún mọ́ ìdí dúróòmù, ó jókòó. Àwọn méjèèjì gbé ojú sókè bí ẹni tó ń wo òjò.

Ó wá di àṣà. Bó bá ti to ẹja rẹ̀ tán, á wa ọkọ̀ wá wo ohun tí igi náà tún dá. Òdòdó gbọn dànù, ó fi èso wẹ́wẹ́ bí ẹyin ẹja sílẹ̀. Ẹyin ẹja di ìlẹ̀kẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ di ṣírí tó rọ̀ wálẹ̀. Nígbà tí Adétutù ti Igbókòdá dé fún ìsinmi, ìyá rẹ̀ mú un wá wò ó.

Ọmọ náà kígbe. "Ìyá mi, àjàrà nìyí."

"Àjàrà wo?"

"Àjàrà tí a ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Èso yìí ni wọ́n ń fún láti fi ṣe wáìnì. Inú èso ni ọtí rẹ̀ wà, Bàbá. Kò sí nínú igi."

Olówòkéré jókòó. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ àjàrà lẹ́nu oníwàásù, ó ti fi kọ orin, ó ti fi ṣe àmín, àṣé ó ti wà lórí òrùlé òun láti ọjọ́ yìí tó ń fi ewé júwe ara rẹ̀. Ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nílò ẹni tí yóò gbá a lẹ́yìn, Moríkẹ́ ló sì gbá a lẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ẹyẹ ẹ̀gà dé. Wọ́n ti gbọ́ ìròyìn èso náà láti ibi tí ẹ̀gà ti ń gbọ́ ìròyìn. Kí Olówòkéré tó ti àbàtà dé, wọ́n ti ṣa ṣírí kan jẹ. Moríkẹ́ wa ọkọ̀ lọ, ó wa ọkọ̀ bọ̀, àwọ̀n ńlá kan ló kó wá. Ó gun orí àpótí, ó nà án bo igi náà láti òkè délẹ̀.

"Àwọ̀n bàbá Adétutù ni," ló wí, kò wo ẹ̀yìn. "Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó lásán."

Olówòkéré bá a di etí àwọ̀n náà mú, ó so ó mọ́ òpó.

Jọọlá tó ń kọjá nínú ọkọ̀ ló sọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn méjèèjì. "Ìyá Adétutù, ṣé ẹ rántí pé bí ọtí yìí bá jáde, ọ̀rọ̀ ẹnu yín ló máa mú yín?"

"Ẹyẹ ni mò ń bá jà. Mi ò bá ọtí jà."

"Mo gbọ́. Olómi, o gbọ́?"

"Máa wa ọkọ̀ rẹ lọ," ni Olówòkéré wí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì ti gbóná.

Ohun tó le jù fún un ni dídúró. Gbogbo ohun tó ń rò kò ju kí ó já a lónìí, kí ó fún un lónìí. Nígbà tí èso náà ṣì tutù minimini, ó jí ọ̀kan já, ó jù ú sẹ́nu. Ojú rẹ̀ ọ̀tún pa dé fúnra rẹ̀.

Moríkẹ́ gbá a lọ́wọ́. "Kò tíì tó."

Ó di ìgbà mìíràn, ó tún na ọwọ́. "Kò tíì tó."

Èso náà ń kúrò ní tútù, ó ń bọ̀ sí àwọ̀ ìyeyè, bí oòrùn bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ wá, wọ́n ń rí kóró inú rẹ̀ bí ẹja kékeré nínú omi tó tòrò. Atẹ́gùn òkun ti fi iyọ̀ pa á lára. Ní àárọ̀ kan tí kò sí ẹ̀gà, tí kò sí Jọọlá, Moríkẹ́ na ọwọ́ gba abẹ́ àwọ̀n, ó já ẹyọ kan, ó fi eyín gé e sí méjì, ó fi ìdajì fún un.

Olówòkéré fi ahọ́n tọ́ ọ. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ bá pàdé lára awọ rẹ̀. Lẹ́yìn iyọ̀ ni adùn, lẹ́yìn adùn ni kíkan díẹ̀ tó mú omi wá sẹ́nu, nígbà tó sì gbé e mì tán, ohun tó kù sí ìdí ahọ́n rẹ̀ ni ohun tó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

"Òkun nìyẹn," ló wí.

"Òkun ni," ni Moríkẹ́ dáhùn. Ẹyọ èso kan náà, ìdajì-ìdajì, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti mu agbè kan tán.

Nígbà tí Moríkẹ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ó tó, wọ́n já gbogbo rẹ̀, kò ju kí ó kún abọ́ tánganran lọ. Moríkẹ́ ló fi ọwọ́ fún omi rẹ̀ jáde, Olówòkéré ló di asẹ́ mú. Ó dà á sínú agbè tí ògùrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Adẹ́mu kì í fọ agbè rẹ̀ mọ́ tónítóní. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù nísàlẹ̀ ló ń jí ti òní. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà kò mọ̀ pé òyìnbó ni wọ́n dà lé òun lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu agbè ti ń hó.

Olówòkéré gbé etí lé e. "Ó ń sọ̀rọ̀."

Moríkẹ́ gbé etí lé òdìkejì. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀, agbè láàárín, ojú kan ojú.

Ní Ugbónlá, ọtí tó bá ti hó ti tó mu nìyẹn. Jọọlá ti gbé ife dé, Fẹ̀hìntọlá ti so ọkọ̀ mọ́ òpó, èrò ti pé. Ọwọ́ Olówòkéré ti wà lórí agbè. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń sọ fún un pé kó dà á, kó gba "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ lónìí yìí. Ó wo agbè. Ó mú ọwọ́ kúrò.

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán ná," ló wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Jọọlá fi ọwọ́ kan iwájú orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá ó gbóná. Moríkẹ́ ní tirẹ̀, ọwọ́ Olówòkéré ló ń wò.

Báyìí ni Olówòkéré tí kì í fi ọtí sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ṣe gbé agbè kan sí igun ilé, tó ń dá ògùrọ̀ rẹ̀ lọ, tó ń dá a bọ̀, tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé kò rí i. Agbè náà sọ̀rọ̀ títí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó dákẹ́. Ìgbà yẹn ló tó ránṣẹ́ pe Moríkẹ́, kí ó tó yọ èdídí, gbogbo èbúté ti bá a dé.

Ohun tó dà jáde pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi oyin, ó dúdú díẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń ta òórùn èso àti ti agbè pọ̀. Ife kan ló gbé fún un. Moríkẹ́ kò dà á sọ́nà ọ̀fun bíi ti ọjọ́ ìjọsí. Ó mu díẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó tún mu díẹ̀. Fẹ̀hìntọlá ti di orúnkún ara rẹ̀ mú.

"Kò tíì tó," ni Moríkẹ́ wí.

Jọọlá kérora bí ẹni tí ẹja ńlá já mọ́ lọ́wọ́. Wọ́n wo ojú Olówòkéré, wọ́n rò pé yóò bínú, wọ́n rò pé yóò ní ó ti tó, pé òun ló mọ ọtí ju gbogbo wọn lọ. Olówòkéré mú èdídí, ó fi dé agbè padà, ó tẹ̀ ẹ́ kó le.

"Ó dára," ló wí. "A ó dúró dè é, Moríkẹ́."

Kò pè é lórúkọ rí. Èjìká Moríkẹ́ mì.

"Ọtí tí kò tíì tó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ," ló wí. "Ojú mi kò ká agbè yẹn láti òdìkejì odò. Jọọlá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá mi kó àwọn àtẹ ẹja mi wá."

Ó gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó wí. Jọọlá ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, nítorí ó fò sínú ọkọ̀ láìtú okùn rẹ̀, ọkọ̀ fà á padà, ó jókòó sómi. Ọkọ̀ méje tàbí mẹ́jọ ló ń já gba odò kọjá, wọ́n ń lọ kó àtẹ, wọ́n ń kó apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kó ìkòkò, ẹnì kan tilẹ̀ gbé adìẹ tí kì í ṣe ti Moríkẹ́. Wọn kò mu nǹkan kan láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Lawrence padà wá, irun rẹ̀ ti funfun létí. Ó bá igi ní òrùlé, ó bá Moríkẹ́ nílé. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìgò fún un, ẹ̀rín dà á dojú bolẹ̀ sórí pẹpẹ, ó ń fi ọwọ́ lu pákó. Ó ní ní ìlú tàwọn, òtútù ló máa ń bọ́ aṣọ lára igi náà lọ́dọọdún kí ó lè sùn, kí ó sì jí so. Ugbónlá kò ní òtútù. Ọ̀bẹ Olówòkéré ló ṣe òtútù fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bu ọtí ọdún náà fún un. Ó mu ún, ó dákẹ́ bíi ti ọjọ́ ògùrọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní bàbá òun kò ní gbà pé ọmọ Fẹ̀mẹ́ntínò ni, agbè ti kọ́ ọ ní ìwà mìíràn, ṣùgbọ́n òkun wà níbẹ̀. Kì í ṣe òkun tàwọn. Òkun ṣáá ni. Ó ní lójú òun, ó ti tó, ó tó dáadáa.

Moríkẹ́ gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mu díẹ̀, ó wo ojú ọkọ rẹ̀ láti etí ife.

"Kò tíì tó," ló wí, gẹ́gẹ́ bó ti ń wí i lọ́dọọdún, Olówòkéré sì na ọwọ́ mú èdídí.